Ìrèké àti Ẹ̀gẹ́ ní Ilẹ̀ Bràsíìlì

Nígbà tí epo rọ̀bì gbówó lórí ní ọdún 1973, ìnira bá ilẹ̀ Bràsíìlì, nítorí òkè òkun ni wọ́n ti ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1975, ìjọba dá ètò Proálcool sílẹ̀, kí wọ́n lè máa fi irè oko ṣe ọtí tí ń jó bí epo nínú ọkọ̀. Ìrèké àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ojú sí.

Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan a máa mú ọtí jáde ju tọ́ọ̀nù ìrèké kan lọ. Síbẹ̀, ìrèké ni ó borí. Ṣúgà ti wà nínú omi rẹ̀. Sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ di ṣúgà. Bí wọ́n bá sì fún omi ìrèké tán, èèpo tí ó kù ni wọ́n ń dáná sí láti fi se ọtí náà. Ti ẹ̀gẹ́, ibòmíràn ni wọ́n ti ń wá iná rẹ̀. Ìgbín ń fà, ìkarahun rẹ̀ ń tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, ẹni tí yóò bá wọn agbára irè oko, kí ó wo iná tí ó jẹ kí ó tó yin ọtí tí ó mú jáde.