Bí Ooru Ààrò Ṣe Ń Dé Inú Yàrá

Ní Òsì, ní Ìlọ́fà àti ní àwọn ìlú yòókù ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara, ibẹ̀ ni igbó ti ń tán, tí ọ̀dàn ń bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ mọ ọ̀nà ilé wọn dáadáa. Bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá ti apá Sàhárà wá láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ètè á là, awọ ara á funfun, òtútù ìdájí á sì mú tọmọdé tàgbà. Bó bá di ọ̀sán, oòrùn á tún mú. Òtútù tí kì í ju wákàtí díẹ̀ lọ kò lè mú ẹnikẹ́ni kọ́lé tó ní ihò èéfín lórí bíi ti òyìnbó. Ohun tó ṣe ni pé ó mú àwọn èèyàn wá ọgbọ́n tí wọn yóò fi mú ooru kúrò nídìí ààrò, kí ó lè dé ibi tí wọ́n ń sùn.

Nínú agbo ilé àtijọ́, ọ̀nà náà kò jìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá ká, ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan wà lára ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítòsí ibẹ̀ náà ni àwọn obìnrin ilé sì ń dáná. Ògiri amọ̀ nípọn. Ó ń gba ooru sára díẹ̀díẹ̀ lójú ọjọ́, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóru. Lókè ni àjà wà, ìyẹn amọ̀ tí wọ́n tẹ́ sórí ìtí igi lábẹ́ òrùlé koríko tàbí ewé. Bí iná bá mú òrùlé, àjà lè gba ẹrù inú ilé là. Níbi tí wọ́n ti ń dáná, àgbàdo tí wọ́n so kọ́ sókè ààrò ń gbẹ nínú èéfín, kòkòrò kì í sì í fẹ́ràn ibẹ̀. Iná kan náà tó ń se ọbẹ̀ ló ń tọ́jú irúgbìn ọdún tó ń bọ̀, òun náà ló tún ń lé òtútù kúrò nínú yàrá tó fara ti ààrò. Àwọn obìnrin ló ń fi ojú àti àyà wọn san owó gbogbo rẹ̀, nítorí pé àwọn ni èéfín ń bá gbé láti àárọ̀ dalẹ́.

Fún yàrá tó bá jìn sí ààrò, àpáàdì, ìyẹn àfọ́kù ìkòkò, ni. Kí ìṣáná tó di ohun tí ọmọdé ń rà lọ́jà, ẹni tí iná rẹ̀ bá kú á mú àpáàdì, á lọ fọnná nílé kejì. Àwọn àgbà ní àpáàdì ló tó ko iná lójú. Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Ìkòkò tó ti la iná kọjá kí wọ́n tó máa fi dáná kò tún níí bẹ̀rù ògúnná. Amọ̀ kì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá sí ọwọ́, bí wọ́n bá sì tẹ́ eérú sí i kí wọ́n tó kó ẹyín iná lé e, ọwọ́ á lè gbé e. Àpáàdì yìí kan náà ni wọ́n ń gbé wọ yàrá àgbàlagbà, aláìsàn tàbí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí wọ́n lè yáná. Igi ayin dára fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó le, ẹyín iná rẹ̀ kì í sì í tètè kú. Bí wọ́n bá fi eérú bò ó lálẹ́, á ṣì pọ́n bí wọ́n bá tú u lówùúrọ̀. Nígbà tí áyọ́ọ̀nù eléèédú dé, òun náà di ohun tó ń gbé iná ààrò wọ pálọ̀.

Àwọn Haúsá ní tiwọn gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń fi amọ̀ mọ ibùsùn, wọ́n á fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì dáná síbẹ̀. Lórí rẹ̀ ni ìyá ọmọ tuntun ń sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pẹ̀lú ìwẹ̀ omi gbígbóná àti ògì tí wọ́n po káún mọ́. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn dókítà ní Zaria, tí E. H. O. Parry wà lára wọn, ṣàkíyèsí àìsàn ọkàn tó ń bá ọ̀pọ̀ abiyamọ níbẹ̀ jà lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n so ó mọ́ ooru tó pọ̀ jù àti káún. Ìkìlọ̀ ńlá nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá rò pé bí ooru bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń ṣeni lóore tó. Síbẹ̀ ọgbọ́n tó wà nínú ibùsùn náà jinlẹ̀: amọ̀ ló ń gba ooru tó sì ń gbé e fún ara, iná fúnra rẹ̀ kì í bá èèyàn lò pọ̀. Irú ọgbọ́n yìí ni àwọn ará Róòmù lò nígbà tí wọ́n ń jẹ́ kí ooru iná gba abẹ́ ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ wọn kọjá. Òun náà ni àwọn ará Kòríà ń pè ní ondol, tí wọ́n fi ń jẹ́ kí èéfín ilé ìdáná gba abẹ́ òkúta tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ yàrá láyé àtijọ́.

Ààrò ara ògiri tí òyìnbó mọ̀ kò tó ọgbọ́n yìí. Ní Jos, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju ìwọ̀n mítà 1,200 lọ, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì ti bá òwò àti iṣẹ́ kùsà lọ, irú ààrò bẹ́ẹ̀ wà nínú àwọn ilé kan tí wọ́n kọ́ láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀ nìkan ló ń gbádùn rẹ̀. Benjamin Franklin ti sọ ọ́ nínú ìwé kékeré kan tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1744 pé ihò èéfín ló ń kó ọ̀pọ̀ ooru lọ, ìyẹn ló sì mú kó ṣe ààrò onírin tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpáàdì ló yẹ ká dúró lé lórí, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ẹyín iná tí kò ní èéfín mọ́ ṣì ń tú carbon monoxide jáde, afẹ́fẹ́ tí imú kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀, tí ojú kò sì lè rí. Claude Bernard, onímọ̀ ará Faransé, ṣàlàyé ní nǹkan bí ọdún 1857 pé ẹ̀jẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ yìí fi ìlọ́po tó ju 200 lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ. Kí ló dé tí àwọn baba wa fi ń gbé ògúnná wọ yàrá tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń jí? Ilé wọn ń mí. Afẹ́fẹ́ ń gba inú koríko òrùlé, ó ń gba àlàfo orí ògiri, ilẹ̀kùn náà kò sì dí ọ̀nà pa. Nígbà tí páànù, símẹ́ńtì àti fèrèsé onígíláàsì dé, ilé ìdáná bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, yàrá wá dì pa. Àpáàdì kò yí padà, ilé ló yí padà. Ẹni tó bá gbé ìkòkò èédú wọ yàrá báyìí, tó ti fèrèsé nítorí ọyẹ́, tó sì sùn, kò ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ àgbà ṣe rárá, bó tilẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀.

Omi ni mo fara mọ́ jù. Omi lè gbé ooru tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún èyí tí òkúta tàbí ìkòkò amọ̀ tó wúwo tó o lè gbé, kò sì ní iná nínú. Àwọn ìyá wa kò nílò ìwé kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n lò: ìkòkò omi kì í kúrò lórí ààrò nílé abiyamọ. Aṣọ tí wọ́n rì bọ inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń jó ikùn ìyá. Fún ìdodo ọmọ, ọwọ́ tí wọ́n yá sí ara láńtà ti tó.

Ní ọdún 1892, James Dewar ṣe ìgò onípele méjì tí kò sí afẹ́fẹ́ láàárín ìpele méjèèjì, fún iṣẹ́ inú yàrá ìwádìí. Ilé iṣẹ́ Thermos bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Jámánì láti ọdún 1904, òun sì ni fíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn abiyamọ lóde òní. Wọ́n á rọ omi híhó sínú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé lálẹ́, wọ́n á fi eérú bo iná, wọ́n á sì gbé e wọlé. Bí ọmọ bá ké láàárín òru, ìyá rẹ̀ kò ní bọ́ sínú ọyẹ́. Á nawọ́ sí fíláàsì, á ṣí i, ooru ààrò ìrọ̀lẹ́ á sì rú jáde nínú òkùnkùn.