A Kì Í Ti Kóòtù Bọ̀ Ká Ṣọ̀rẹ́: Ìtàn Ìlàjà Nílẹ̀ Wa

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, pàápàá ẹ̀yin ará Ìbarà. Ẹjọ́ ilẹ̀ ti pọ̀ jù láàárín wa. Ọmọ ìyá kan náà ò kí ara wọn mọ́ nítorí ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀. Tá a bá ní ká parí ẹ̀ nílé, wọ́n á ní kóòtù ló bóde mu. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn ná.

Nígbà tí Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan tó wà nínú Abẹ́òkúta ló ní ìjòyè tirẹ̀. Ìbarà náà ní Olúbarà títí dòní. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá jà, ọ̀dọ̀ baálé ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ. Bí kò bá yanjú, ó di ọ̀dọ̀ àwọn Ògbóni tàbí ọba. Àwa onígbàgbọ́ kì í bá Ògbóni da nǹkan pọ̀, àmọ́ ìtàn ni ìtàn. Wọ́n ń dá ẹ̀bi, wọ́n ń gba owó ìtanràn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wá jù ni kí àwọn méjèèjì lè jọ máa gbé.

Ní 1904, kóòtù Èkó gba agbára lórí àwọn ẹjọ́ kan nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní 1914, òmìnira Ẹ̀gbá pin, ètò kóòtù òyìnbó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kóòtù wúlò o, àmọ́ ó ń pẹ́. Ẹ wo ẹjọ́ Ariori àti Elemo, ẹjọ́ ilẹ̀ ní Èkó. Wọ́n pè é ní 1960. Ní 1983, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀! Ọdún 23!

Òyìnbó fúnra wọn rí i. Ní 1976, Frank Sander, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, dábàá lÁmẹ́ríkà pé kí kóòtù ní ilẹ̀kùn púpọ̀, kí ìlàjà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní 2002, Èkó ṣí Lagos Multi-Door Courthouse. Ní 2023, òfin tuntun lórí ìlàjà jáde fún gbogbo Nàìjíríà. Onílàjà kì í dájọ́: á gbọ́ tọ̀tún tòsì, àwọn oníjà fúnra wọn ló máa fẹnu kò. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, òfin dì í mú, kóòtù sì lè mú ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́.

Ẹ rí i? Ohun tí baálé ń ṣe ni ayé padà wá. Pọ́ọ̀lù náà ti bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: ìlàjà kì í ṣe ìbòmọ́lẹ̀. Ẹni tó fipá bá ọmọdé lò pọ̀, ẹni tó ń lu ìyàwó ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti kóòtù nìyẹn. Pásítọ̀ tó bá ní kí wọ́n lọ fi àdúrà parí ẹ̀ ń ran ìkà lọ́wọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀, gbèsè, ogún, ààlà? Ẹ pe àgbà tí ìhà méjèèjì fọkàn tán. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín jogún ẹjọ́.

Ọlọ́run àlàáfíà yóò parí ìjà inú ilé wa, lórúkọ Jésù. Ẹ ṣe àmín, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí yín.