Omi Ò Lọ́tàá, Àmọ́ Kì Í Ṣe Gbogbo Ènìyàn Ni Wọ́n Gbà Kó Wọ̀ Ọ́

Àwọn àgbà ní omi ò lọ́tàá. Òótọ́ ni, torí omi kì í kọ ara ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn ló máa ń dúró létí omi, tí wọ́n á ní kí ẹnì kan wọlé, kí ẹnì kejì padà. Ohun tí a rí nìyẹn bí a ṣe ń tọpasẹ̀ ìtàn ìtọ́jú físíò inú omi fún àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara pa. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ẹ bá wa kálọ.

Okùn iṣan kan gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá. Òun ló ń jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ fún apá àti ẹsẹ̀. Bó bá fara pa, ẹsẹ̀ lè má gbọ́ràn mọ́, ìtọ̀ pàápàá lè má ṣeé dá dúró. Ìwé Edwin Smith, tí wọ́n kọ ní Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 1600 ṣáájú ìbí Kristi, mẹ́nu ba irú ìfarapa yìí, ó sì kà á mọ́ àìsàn tí oníṣègùn kò ní dáwọ́ lé. Títí di Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn sójà tí ọta bà lẹ́yìn ni kò pẹ́ láyé. Egbò tí ìdùbúlẹ̀ ń fà àti àrùn ilé ìtọ̀ ló sábà máa ń pa wọ́n.

Ẹni tó sọ ìtọ́jú inú omi di ọ̀rọ̀ tí gbogbo Amẹ́ríkà ń sọ ni Franklin Roosevelt. Ní 1921, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 39, àìsàn tí wọ́n pè ní rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọ lù ú. Àrùn yìí máa ń ba àwọn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń darí ẹran ara jẹ́. Ní 1924, ó lọ sí Warm Springs ní ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti ń sun láti inú ilẹ̀. Nínú omi yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra díẹ̀. Ó ra ibẹ̀ ní 1926, ó sì sọ ọ́ di ibùdó ìtọ́jú. Ó di Ààrẹ ní 1933, ṣùgbọ́n kò tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láìsí ìrànlọ́wọ́ títí ó fi kú ní Warm Springs kan náà ní 1945.

Kí wá ni omi ṣe fún un? Omi kì í so okùn iṣan tó já. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń bá ni gbé ẹrù ara. Bó bá mu ènìyàn dé ìbàdí, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ara rẹ̀ ló kù fún ẹsẹ̀ láti gbé. Bó bá dé ọrùn, kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ẹsẹ̀ tí kò lè ṣe nǹkan kan lórí ilẹ̀ á wá ráyè gbìyànjú. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ omi náà tún máa ń dẹ ẹran ara tó le gbagidi. Àmọ́ ó gba ìṣọ́ra: awọ tí kò mọ ìgbóná mọ́ lè bó kí onítọ̀hún tó fura.

Ibi tó dùn wá nìyí. Warm Springs kò gba aláwọ̀ dúdú tọ́jú. Wọ́n wà níbẹ̀ o, àmọ́ òṣìṣẹ́ àti ìránṣẹ́ ni wọ́n. Ó di 1941 kí ibùdó kan tó ṣí fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ní àrùn náà, ní Tuskegee, ìpínlẹ̀ Alabama.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà Júù kan tó sá fún ìjọba Hitler, Ludwig Guttmann, ṣí ẹ̀ka ìtọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn sí ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní oṣù kejì 1944. Ó ní kí wọ́n máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má bàa jẹ wọ́n. Lẹ́yìn náà ló fi eré ìdárayá kún ìtọ́jú. Ní July 29, 1948, ọjọ́ tí ìdíje Òlíḿpíìkì bẹ̀rẹ̀ ní London, aláìsàn 16 ta ọfà ní ọgbà rẹ̀. Ní 1949, ẹnjiníà kan, James McMillan, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọbìnrin aláàbọ̀ ara ní ìlúwẹ̀ẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Halliwick ní London, láìlo ohun ìléfòó kankan. Nígbà tí eré Guttmann fi dé Róòmù ní 1960, tí nǹkan bí 400 eléré ìdárayá kóra jọ láti orílẹ̀-èdè 23, ìlúwẹ̀ẹ́ wà lára ìdíje. Àwọn tí ayé ti ní kí wọ́n lọ dùbúlẹ̀ ló ń du àmì ẹ̀yẹ nínú omi.

Ogun kan náà ló bí ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì ní Èkó: àwọn sójà tó gbọgbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú níbẹ̀. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ físíò fún oyè dìgírì. Nítorí náà, a kò lè sọ pé a kò ní ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Ìbéèrè tó kù ni ti ẹnu ọ̀nà. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó sún mọ́ yín jù, ǹjẹ́ kẹ̀kẹ́ arọ lè dé etí rẹ̀? Ǹjẹ́ ohun kan wà tí aláàbọ̀ ara lè fi sọ̀kalẹ̀ sínú omi láìjẹ́ pé ènìyàn mẹ́rin pọ̀n ọ́n? Bí kò bá sí, ọ̀tá wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe omi.