Ìkunjú Òṣèré: Láti Agbo Alárìnjó dé Iwájú Kámẹ́rà

Ìtàn ìbílẹ̀ Ọ̀ffà ka Mọ́remí Àjàṣorò sí ọmọ bíbí ìlú náà. Ìtàn yìí wúlò fún ẹni tó bá ń wá orírun ìkunjú òṣèré, èyí tí a ń pè ní mékọ́ọ̀pù lónìí. Ìko ni àwọn ajagun Ugbò fi bora tí ará Ifẹ̀ fi rò pé ará ọ̀run ni wọ́n. Ìgbà tí Mọ́remí bá wọn gbé, tó rí wọn nítòsí, ni àṣírí tú. Ìparadà gbára lé àlàfo tó wà láàrin ẹni tó paradà àti ẹni tó ń wò ó.

Àwọn alárìnjó mọ èyí dájú. Ní 1826, ní Ọ̀yọ́-Ilé, Hugh Clapperton wo eré kan níbi tí òṣèré kan ti bọ́ àpò ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì di òyìnbó funfun, tínínrín, tí òtútù ń mú. Àwọn òǹwòran ń yíjú sí àlejò náà fúnra rẹ̀ kó lè jẹ́rìí sí i.

Nígbà tí Hubert Ògúnǹdé bẹ̀rẹ̀ eré ní 1944, ojú tí kò wọ agọ̀ ni ó ní láti ṣe iṣẹ́ agọ̀. Ohun tí yóò hàn dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni òṣèré ń wá. Ìdí nìyí tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sálà, fi so aago ńlá mọ́ra dípò aago ọwọ́.

Kámẹ́rà pa àlàfo náà rẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀dà líle tí wọ́n ń lò lórí ìtàgé a máa sán lójú òṣèré. Èyí ló mú kí Max Factor ṣe èyí tó rọ̀ fún fíìmù ní 1914. Ní ilẹ̀ Yorùbá, lẹ́yìn Àjàní Ògún ní 1976, àwọn àgbà ìtàgé kan náà ló wọ inú fíìmù: Ògúnǹdé pẹ̀lú Aiyé ní 1979, Bàbá Sálà pẹ̀lú Ọ̀run Mooru ní 1982. Ìparadà tí wọ́n kọ́ fún òǹwòran òkèèrè ni wọ́n gbé wá síwájú ẹ̀rọ tó ń wò wọ́n nítòsí, bí Mọ́remí ti wo àwọn Ugbò.

Nítorí náà, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìkunjú fíìmù wa láti orí páúdà òkèèrè ti fo orí kìíní. Abẹ́ agọ̀ ni orí náà wà.