Pápá Gọ́ọ̀fù St Andrews: Ta Ni Ó Ni Ilẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹgbẹ́ ọlọ́lá tí à ń pè ní Royal and Ancient ni ó ni pápá gọ́ọ̀fù àtijọ́ tí ó wà ní ìlú St Andrews, ní etí òkun ìhà ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Skọ́tlándì. Èrò náà kò yani lẹ́nu, nítorí pé ilé ẹgbẹ́ yìí gan-an ni ó wà lẹ́yìn ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ eré. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ilẹ̀ ìlú ni, àwọn ará ìlú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù rẹ̀ nítorí ehoro.

Ilẹ̀ yanrìn tí kò wúlò fún oko ni. Àgùntàn ń jẹko níbẹ̀, àwọn obìnrin ń sá aṣọ sí i, ehoro sì ń gbẹ́ ihò káàkiri. Ní ọdún 1552, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà John Hamilton gba àyè láti máa sin ehoro lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí ó fọwọ́ sí jẹ́rìí sí i pé ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú láti gbá gọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ níbẹ̀ kò yẹ̀. Ẹ kíyè sí ọdún náà dáadáa, nítorí pé ọdún 1754 ni àwọn ọlọ́lá méjìlélógún tó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, ọdún 1834 sì ni Ọba William Kẹrin fún ẹgbẹ́ náà ní orúkọ tí ó ń jẹ́ lónìí. Àlejò ni ẹgbẹ́ jẹ́ lórí ilẹ̀ yìí.

Ohun ńlá kan wà tí ẹgbẹ́ náà ṣe. Ihò méjìlélógún ni wọ́n ń gbá tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń gba ọ̀nà kan náà lọ, tí wọ́n sì ń gbà á bọ̀. Ní ọdún 1764, wọ́n rí i pé mẹ́rin àkọ́kọ́ kúrú jù, wọ́n sì sọ ọ́ di méjì. Bí àlọ ti dín méjì ni àbọ̀ náà dín méjì. Ibẹ̀ ni méjìdínlógún tí gbogbo ayé ń gbá lónìí ti wá. Kò sí awo mìíràn nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1797, gbèsè wọ ìlú lọ́rùn, ìgbìmọ̀ ìlú sì ta ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1799, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń sin ehoro tà. Ehoro kún pápá, ihò kún inú koríko, gọ́ọ̀fù kò sì ṣeé gbá mọ́. Ẹni tí ó bá mọ bí ẹjọ́ ilẹ̀ ti ń rí láàrin wa yóò mọ̀ pé irú rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀: nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n fi bá ara wọn jà, nílé ẹjọ́ àti lójú pápá. Ní ọdún 1821 ni James Cheape, onílẹ̀ kan tí òun náà ń gbá gọ́ọ̀fù, ra ilẹ̀ náà, tí ìjà sì rọlẹ̀. Wọ́n ń yin Cheape títí di òní, ó sì tọ́. Síbẹ̀, bí ẹni tí ó rà á bá jẹ́ aláìnífẹ̀ẹ́ eré ńkọ́?

Ìbéèrè yìí padà wá nígbà tí ẹgbẹ́ Royal and Ancient ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé Cheape ní ọdún 1893. Ìgbìmọ̀ ìlú kò gbà. Ní ọdún 1894, òfin Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin dá ilẹ̀ padà fún ìlú, ẹgbẹ́ sì gbà láti ṣe pápá kejì. Wọ́n ṣí i ní ọdún 1895, “Tuntun” ni orúkọ rẹ̀, wọn kò sì tíì yí i padà! Láti ọdún 1974, àjọ kan tí òfin gbé kalẹ̀ ni ó ń bójú tó gbogbo pápá náà. Lọ́jọ́ Àìkú, pápá àtijọ́ kì í sábà ṣí fún eré. Àwọn ará ìlú a máa rìn kiri níbẹ̀ pẹ̀lú ajá wọn.

Àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà ní ọdún 1867. Royal and Ancient kò dìbò láti gba obìnrin wọlé títí di ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ọjọ́ kan náà tí Skọ́tlándì ń dìbò lórí òmìnira.