Abọ́ Ike àti Ìkòkò Ọbẹ̀ nínú Ìtàn Ìsọlọ̀

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú bébà yìí kéré lójú: abọ́ ike onídèérí, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní rọ́bà, tí a ń bu ọbẹ̀ sí, tí a ń fọ̀, tí a sì tún ń lò. Àwọn òpìtàn wa ti kọ púpọ̀ nípa ọba, ogun àti òwò epo pupa. Ohun tí a fi ń pa oúnjẹ mọ́ nínú ilé kì í sábà gbà ju gbólóhùn kan lọ lọ́wọ́ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì mẹ́nu bà á, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé ike dé, ìkòkò àti igbá kógbá sílé. Èrò tiwa yàtọ̀. Ní Ìsọlọ̀, tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, ike kò lé ìkòkò lọ. Ńṣe ni ó bá a pín iṣẹ́, iná mànàmáná ni ó sì ń pinnu bí wọn yóò ti pín in.

Kí á kọ́kọ́ yẹ orúkọ wò. Rọ́bà tí ó jẹ́ rọ́bà gan-an, oje igi ni. Ní nǹkan bí ọdún 1895, òwò rọ́bà tí a ń kọ lára igi ìrẹ́ gbóná ní Èkó àti ẹ̀yìn odi rẹ̀, títí tí wọ́n fi kọ igi náà pa ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi. Ike ní tirẹ̀, epo rọ̀bì àti gáàsì ni a ti ń fa èròjà rẹ̀ yọ. Ọdún 1933 ni wọ́n ṣèèṣì rí polyethylene ní ilé-iṣẹ́ ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1946 ni Earl Tupper kó abọ́ rẹ̀ onídèérí jáde fún títà ní Amẹ́ríkà. Polypropylene, tí ó fara da ooru jù ú lọ, di ohun òwò ní 1957. A rò pé nígbà tí àwọn ènìyàn wa rí ohun tuntun tí ó ń tẹ̀ tí kì í sì í fọ́, orúkọ ohun tí wọ́n ti mọ̀ ni wọ́n fún un.

Kí ike tó dé, ewé ni a fi ń wé ẹ̀kọ, àmù ni omi ń tutù sí. Ọbẹ̀ ni ó le jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé kò sí ohun èlò tí ó lè dá nìkan pa á mọ́ kí ó má kan. Iná ni a fi ń pa á mọ́: a ó gbé e kaná ní àárọ̀, a ó tún gbé e kaná ní alẹ́, a kò sì ní í fi ṣíbí tí ó ti kan ẹnu bọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá gbàgbé ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọbẹ̀ kíkan ni yóò bá ní àárọ̀. Ìkòkò, ìbáà ṣe ti amọ̀ tàbí ti irin, lè jókòó lórí iná. Ike kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bó ti wù kí ike pọ̀ tó lọ́jà, kò lè gba iṣẹ́ ìkòkò àyàfi bí ohun mìíràn bá gba iṣẹ́ iná.

Ní Ìsọlọ̀ ni a ti lè rí èyí dáadáa. Abúlé àgbẹ̀ ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀ kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó gbilẹ̀ níbẹ̀ àti ní Ìlasamàjà àti Mátọ́rì. Ilé-iṣẹ́ aṣọ Aswani wà lára wọn. Láti ara rẹ̀ ni ọjà Aswani, tí a ń ná ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ti gba orúkọ. Òṣìṣẹ́ tí ó ń gbé yàrá kan, tí òun àti àwọn aládùúgbò jùmọ̀ ń lo ilé ìdáná kan, nílò ohun tí yóò gbé oúnjẹ dé ibi iṣẹ́ láìdà, àti ohun tí yóò gbé ọbẹ̀ kúrò ní ilé ìdáná wọ inú yàrá. Abọ́ onídèérí ṣe méjèèjì. Fíríìjì ni ó wá sọ ọ́ di ohun ìpamọ́ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná kò dúró: NEPA tí a dá sílẹ̀ ní 1972 di PHCN ní 2005, a sì fà á lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní 2013, síbẹ̀ iná ń lọ. Bí ó bá lọ tí kò tètè dé, ìyàwó ilé a da ọbẹ̀ inú ike pa dà sínú ìkòkò, a sì gbé e kaná bí ìyá rẹ̀ àgbà ti ń ṣe.

Láti inú pípín iṣẹ́ yìí ni ìlànà ìtọ́jú ike ti jáde. A kì í bu ọbẹ̀ tí ó ń hó sí i: polyethylene fẹ́lẹ́ a máa yọ́ ní nǹkan bí 110 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì ti ń rọ̀ kí ó tó dé ibẹ̀, polypropylene lè dé nǹkan bí 160. Epo pupa àti tòmátì a máa pa á láró, nítorí pé inú ọ̀rá ni àwọ̀ wọn ń yọ́ sí, ike sì bá ọ̀rá tan. Ọṣẹ nìkan kì í ká a. Oòrùn wákàtí díẹ̀ a máa ṣí i, àmọ́ ike tí ó bá ń wà nínú oòrùn lójoojúmọ́ yóò gbó, yóò sì sán. Kànrìnkàn onírin a máa ha á, ojú ibi tí ó ha ni ìdọ̀tí ń sá sí. Ojú ihò ìdérí ni ó yẹ kí á fọ̀ jù, kí ó sì gbẹ kí á tó dé e. Àwọn tí ó mọ igbá lò kò ní í rí èyí bí ohun àjèjì, nítorí igbá tútù tí a bá dé mọ́ra wọn yóò bu.

Ibì kan wà tí ìmọ̀ àtijọ́ ti já. Ìkòkò aró kì í di ìkòkò ọbẹ̀. Ohun tí ohun èlò ti gbé rí ni ó ń pinnu ohun tí yóò gbé. Ṣùgbọ́n ní ọjà Èkó, pẹ́ǹtì ti di orúkọ òṣùwọ̀n gàrí, nítorí pé garawa ike olítà mẹ́rin tí a fi ń ta ọ̀dà ilé ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Bí garawa náà bá jẹ́ tuntun, kò sí ẹjọ́. Bí ọ̀dà bá ti gbé inú rẹ̀ rí, fífọ̀ kò tó, nítorí ike tí ó lè mu àwọ̀ epo pupa lè mu nǹkan mìíràn pẹ̀lú. (Ike áìsìkirimù tí a ṣí nínú fírísà tí a bá ọbẹ̀ nínú rẹ̀ ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́kún, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni òun ti gbé rí.) Láti 1988 ni àwọn tí ń ṣe ike ní Amẹ́ríkà ti ń tẹ àmì onígun mẹ́ta tí ó ní nọ́ńbà sí ìdí rẹ̀, 2 dúró fún polyethylene líle, 5 fún polypropylene. Àmì náà sọ irú ike tí ó jẹ́. Kò sọ ohun tí ó ti gbé rí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun fòfin de abọ́ funfun fífúyẹ́ tí àwọn olóúnjẹ ń bu oúnjẹ sí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025, òfin náà kan àwọn ike àlòsọnù mìíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra oúnjẹ lọ sílé ní láti wá abọ́ mìíràn. Kí abọ́ funfun tó gbòde, abọ́ páànù tàbí ike onídèérí ni a máa ń fi rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá oníìrẹsì. A ó ti fọ̀ ọ́ kí á tó fún un, ìyá oníìrẹsì yóò sì tún wo inú rẹ̀ kí ó tó bu oúnjẹ sí i.