Owó Oṣù àti Èrò Ìwòran: Ìgòkè àti Ìṣubú Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Barry Town ní Wales

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ìṣubú Barry Town, ọdún 2003 ni wọ́n sábà máa ń mú un bẹ̀rẹ̀, torí pé ọdún náà ni owó tán. Èrò tèmi yàtọ̀. Inú ìgòkè ẹgbẹ́ náà gan-an ni ìṣubú rẹ̀ ti wá. Wọ́n ń san owó oṣù tí àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ní pápá Jenner Park kò lè gbé láéláé, wọ́n sì gbójú lé ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù àti àpò ẹni tó bá ni ẹgbẹ́ lọ́wọ́ pé àwọn ni yóò máa dí àlàfo náà.

Etíkun gúúsù Wales ni Barry wà, kò sì jìnnà sí Cardiff. Abúlé lásán ni kí wọ́n tó ṣí èbúté rẹ̀ ní 1889. Nígbà tó fi máa di 1913, kò sí èbúté kankan láyé tó ń kó èédú ránṣẹ́ sókè òkun tó o: ó lé ní mílíọ̀nù 11 tọ́ọ̀nù lọ́dún kan ṣoṣo. Èrò ya wọ ìlú láti wá iṣẹ́, àwọn èrò wọ̀nyí ló sì fẹ́ bọ́ọ̀lù. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1912, wọ́n ṣí Jenner Park lọ́dún kejì, wọ́n sì wọ Southern League, ìyẹn líìgì àwọn ẹgbẹ́ ìhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí di 1982, wọ́n sì tún padà síbẹ̀ kí 1992 tó dé. Ife-ẹ̀yẹ Wales tí wọ́n gbà mọ́ Chester lọ́wọ́ ní 1955 ni ohun ńlá tí wọ́n rí mú bọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn.

Ọdún 1992 ló yí ọ̀rọ̀ padà. Wales ní ikọ̀ orílẹ̀-èdè tirẹ̀, ó sì ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kò ní líìgì tó kárí ilẹ̀ náà. Ẹ̀rù ń ba Alun Evans, akọ̀wé àjọ bọ́ọ̀lù Wales, pé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lè fi èyí gba ipò náà lọ́wọ́ wọn. Bí League of Wales ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mẹ́jọ nínú àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ló kọ̀, torí pé líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ́ wọn lára. Mẹ́ta padà gbà. Barry wà lára àwọn tó fàáké kọ́rí. Àjọ náà kò jẹ́ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù nílé mọ́, ni wọ́n bá fi ìlú wọn sílẹ̀ lọ fi Worcester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ilé, wọ́n sì ń jẹ́ Barri lọ́hùn-ún. Ẹgbẹ́ wo ló lè pẹ́ nírú ipò bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù “nílé” máa rìnrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ mìíràn? Sáà kan ṣoṣo ni wọ́n lò níbẹ̀ kí wọ́n tó padà sílé ní 1993.

Pẹ̀lú agbára ni wọ́n fi padà. Ní 1994, wọ́n na Cardiff City 2-1 nínú àṣekágbá Ife-ẹ̀yẹ Wales, nígbà tí wọn kò tíì dé ìpele tó ga jù. Nígbà tí wọ́n dé e, àwọn ló kọ́kọ́ sọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù wọn di òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, torí pé ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ajé rẹ̀ láti àárọ̀ ni wọ́n sábà máa ń bá pàdé lórí pápá. Nínú sáà mẹ́jọ láàárín 1996 àti 2003, ìgbà méje ni wọ́n gba líìgì. Wọn kò pàdánù ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì kankan ní sáà 1997-98.

Níbí ni ìṣòro náà wà. Cardiff, Swansea àti Wrexham kò sí nínú líìgì yìí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń gbá tiwọn. Láti 1995, wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú Ife-ẹ̀yẹ Wales pẹ̀lú. Àwọn tí ìlú ìbá tú jáde wá wò kò wá sí Jenner Park mọ́. Èrò ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni ọ̀pọ̀ ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì náà ń rí, bí Barry sì ṣe ń borí gbogbo èèyàn kò fi kún wọn. Wọ́n ta agbábọ́ọ̀lù: Tony Bird lọ sí Swansea ní 1997, Eifion Williams lọ sí Torquay ní 1999 ní £70,000. Owó gidi ni fún líìgì kékeré, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ni èèyàn lè ta agbábọ́ọ̀lù kan, oṣooṣù sì ni owó oṣù ń dé.

Yúróòpù ló kù. Ní 1996, Barry yọ ẹgbẹ́ Latvia kan àti ẹgbẹ́ Budapest kan nínú ìdíje UEFA, wọ́n wá bọ́ sọ́wọ́ Aberdeen ti Skọ́tlándì. Wọ́n pàdánù 3-1 lọ́hùn-ún, wọ́n sì ta ọ̀mì 3-3 ní Jenner Park. Ọdún 1998 korò: gọ́ọ̀lù mẹ́jọ ni Dynamo Kyiv jẹ wọ́n ní Ukraine. Ní 2001, wọ́n yọ Shamkir ti Azerbaijan, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Wales àkọ́kọ́ tó borí ẹgbẹ́ mìíràn nínú Champions League. FC Porto ló tẹ̀ lé e. Ní Pọ́túgà, 8-0. Ọ̀rọ̀ ti parí, kò sẹ́ni tó máa bínú bí wọ́n bá kàn gbá èkejì bó bá ṣe gbà. Wọ́n dé Jenner Park, Barry na Porto 3-1. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, Porto yìí kan náà gba Champions League. Mi ò rò pé àbájáde kan wà nínú ìtàn líìgì Wales tó yẹ ká bọlá fún jù èyí lọ. Síbẹ̀, ìpele ìpegedé ni ìdíje ọdún 2001 náà parí sí, ìpele tí owó ńlá kì í tíì dé.

Ní ìparí 2002, John Fashanu di alága. Ọmọ agbẹjọ́rò Nàìjíríà kan ni, òun ló sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún Wimbledon. Ó ṣèlérí pé àwọn ògbóǹtarìgì láti Nàìjíríà yóò wá sí Barry, àti pé tẹlifíṣọ̀n òkè òkun yóò ra ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn. Kí ẹgbẹ́ tí èrò rẹ̀ kò kún pápá ìlú rẹ̀ máa wá èrò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, àìsàn àtijọ́ náà ni. Wọ́n gba líìgì àti Ife-ẹ̀yẹ papọ̀ ní 2003, wọ́n sì na Vardar ti Skopje 2-1 nílé nínú Champions League lẹ́yìn tí wọ́n ti pàdánù 3-0 lọ́hùn-ún. Ní oṣù kẹjọ, gbèsè ti sọ ẹgbẹ́ di ohun tí òfin fà lé alábòójútó lọ́wọ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù olówó oṣù túká. Àwọn tí kò gba nǹkan kan ló parí sáà, wọ́n sì já.

Ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e le fún wọn, torí èdè àìyedè wà láàárín ẹni tó ra ẹgbẹ́ àti àwọn alátìlẹ́yìn. Nígbà tó yá, àwọn alátìlẹ́yìn ló ń wá owó tí ikọ̀ fi ń gbá bọ́ọ̀lù, tí Gavin Chesterfield, akọ́nimọ̀ọ́gbá láti 2007, sì ń darí wọn. Ní oṣù karùn-ún 2013, tó ku ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì kí sáà parí, ẹni tó ni ẹgbẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú líìgì. Ìgbìmọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù Wales dìbò, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́rìnlá, pé kí ẹgbẹ́ tí àwọn alátìlẹ́yìn tún gbé dìde má padà sínú líìgì. Ìbò kan péré. Àwọn èèyàn yìí kò gbà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n dáwó, wọ́n gba ilé-ẹjọ́ gíga ní Cardiff lọ. Ní oṣù kẹjọ, adájọ́ sọ pé ìpinnu náà kò bófin mu. Barry Town United bẹ̀rẹ̀ láti Ìpele Kẹta Welsh League.

Ní 2017 wọ́n ti padà dé òkè. Ní 2019 wọ́n ṣe ẹ̀kẹta, wọ́n sì tún rí Yúróòpù, níbi tí Cliftonville ti Belfast ti yọ wọ́n. Wọ́n tún já ní 2022. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó yọ orúkọ wọn kúrò níbì kankan, kò sì sí ẹjọ́: wọ́n gba líìgì Cymru South ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì gòkè padà ní 2023.